Ní Pálọ̀ Àlájì Àbdùlwàhídù

Ọ̀rọ̀ tòmátì ò jẹ́ kí Muneer gbádùn. Lọ́dọọdún, bí ìkórè bá ti dé, tòmátì a gba gbogbo ọjà Minna, a máa jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn tó ń tà á a sì gbọn ọwọ́ nù, wọn a kọrí sílé. Muneer, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí àdúgbò Limawa nílùú náà, kò lè fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó jáde yunifásítì lọ́dún 2004, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fáṣínà, tí iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá bàbá rẹ̀ dé Minna, fi pákó, páánù àti gíláàsì kan àpótí ńlá kan tí ń fi oòrùn mú tòmátì gbẹ. Eruku kì í kàn án, eṣinṣin kì í bà lé e. Bàlíkísù, ìyá Muneer, fi tòmátì náà se ọbẹ̀, ó ní ó dùn ju tútù lọ.

Wọ́n fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Báǹkì ní kí wọ́n mú ìwé ilé wá fi ṣe ìdógò. Ta ló nílé nínú wọn? Ni wọ́n bá tọ Àlájì Àbdùlwàhídù lọ, agbaṣẹ́ṣe ìjọba, ọmọ Ìlọrin bíi ti Muneer. Àlájì fi tòmátì náà kan ẹnu, ó mi orí pé ó dùn.

"Owó kọ́ ni ìṣòro," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ìjọba san owó iṣẹ́ mi ná. Èmi náà á ní ìpín nínú iléeṣẹ́ yín. Ẹ ṣáà máa yọjú."

Wọ́n ń yọjú. Pálọ̀ Àlájì kì í ṣófo: ẹni tó fẹ́ owó iléèwé wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ Mẹ́kà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kàn wá jókòó. Bí Àlájì bá jáde, gbogbo wọn a dìde fùú. Àlájì a juwọ́ sí Muneer: "Mi ò gbàgbé yín o. Sai gobe." Bí ọ̀la bá dé, a tún di sai gobe.

Lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ ilé náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Muneer ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é. Bí kò bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, á jẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi, tàbí kó gbé àwọn ọmọ lọ iléèwé nítorí dẹ́rẹ́bà ò wá. Muneer rò pé bí òun bá ṣe sún mọ́ Àlájì tó, bẹ́ẹ̀ ni owó náà á ṣe yá tó.

Fáṣínà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ní àgbàlá wọn ní àdúgbò Jikpan, níbi tí àpótí náà wà, ó ní:

"Muneer, ọkùnrin yìí ò ní fún wa lówó."

"Ó ti ṣèlérí."

"Ta ni kì í ṣèlérí fún? Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì kan."

"Agbọ̀n kan? Iléeṣẹ́ la fẹ́ dá sílẹ̀, kì í ṣe ìsọ̀ aláta. Ṣe sùúrù."

"Sùúrù mi ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi ríṣẹ́ l'Ábújá."

Muneer pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Kò pẹ́ tí Fáṣínà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ábújá.

Ìjọba san owó Àlájì lóòótọ́. Àlájì fi kọ́ ilé epo sí ọ̀nà Bida, Muneer ló sì ń bá a ṣọ́ àwọn bíríkìlà.

"Tòmátì yín ńkọ́?" Bàlíkísù bi ọmọ rẹ̀.

"Ó ń bọ̀, màámá. Ẹ ṣáà máa ṣàdúà."

Ìyá wo ojú rẹ̀ títí. Kò bi í mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyẹn sì dun Muneer ju èébú lọ. Ní Jikpan, gíláàsì àpótí ti fọ́, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀.

Ó wá ṣe, àlejò kan ti Ábújá wá kí Àlájì. Ó ní àwọn olówó kan ló rán òun jáde, pé kí òun wá àwọn ọ̀dọ́ tó ní òye iṣẹ́ tuntun, kí wọ́n lè fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n jọ pín èrè.

Àlájì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ́ ìsinsìnyí? Kai! Wọn ò fẹ́ ṣiṣẹ́."

Muneer ń gbé tíì sílẹ̀ lọ́wọ́. Àlejò yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́, àbúrò? Kí ni iṣẹ́ ẹ?"

Muneer la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ nípa tòmátì tó ti kọ́ sórí nígbà kan rí, ó wá wọn, kò rí wọn.

"Ọmọ wa ni," Àlájì dá a lóhùn. "Òun ló ń bá wa mójú tó ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Muneer wí.

Nígbà tí àlejò ń lọ, Muneer gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀. Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó fi owó díẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Fi ra nǹkan mu."

Muneer tẹrí ba, ó dúpẹ́, ó sì lọ ṣí géètì fún un.