Àmín Aago Méje

Èmi ni mo sọ ẹgbẹ́ wa lórí Wọ́sáàpù ní Ẹgbẹ́ Àdúrà Òwúrọ̀. Ẹ̀bi mi ni! Ọ̀dọ́ mẹ́rìnlélógún ni wá, gbogbo wa ló ní kòkòrò HIV, ilé ìwòsàn kan náà ní Àkúrẹ́ la ti ń gba oògùn. Oǹdó ni mò ń gbé, àmọ́ ta ló fẹ́ kí ará àdúgbò rí òun lórí ìlà? Tí aago méje àárọ̀ bá lù, fóònù á ké, oníkálukú á gbé oògùn ẹ̀ mì, á kọ "Àmín". Ẹni tí ò bá kọ ọ́ di aago méje ààbọ̀, a ó máa pè é títí á fi gbé e. Mo rò pé mo gbọ́n. Ta ló máa fura sí àdúrà?

Àǹtí Oyèbọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, ò fura. Ó kúkú fẹ́ràn àdúrà ni! Lọ́jọ́bọ̀, bí fóònù ṣe ké, ó já a gbà kí n tó ṣí ike oògùn.

"Àmín nìkan! Ta ló gbàdúrà tí ẹ̀ ń ṣàmín sí? Ọ̀lẹ ni yín!"

Ló bá gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: ọ̀tá ilé, ọ̀tá ọ̀nà, ìdánwò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko! Àwọn aláìnítìjú yẹn ń fèsì: "Àmín, Màmá!" Táíyé, ọ̀kan lára wọn, tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ rántí ìyàwó tí mò ń wá."

Ẹ̀rín ń pa mí, àmọ́ ojú mi ò kúrò lára fóònù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì Joy máa fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi pè mí. Lọ́dún tó kọjá, mò ń pa oògùn jẹ, kòkòrò náà sì pọ̀ lára mi débi pé Nọ́ọ̀sì sunkún. Oṣù mẹ́fà rèé tí mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ṣé ó ṣiṣẹ́ ni, àbí kò ṣiṣẹ́?

Fóònù dún lọ́wọ́ Àǹtí. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Ẹniọlá, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?"

Kí n ní kí wọ́n pè mí lọ́sàn-án? Èmi? "Rárá, Nọ́ọ̀sì. Àǹtí mi wà níbí. Ẹ máa sọ ọ́."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà!"

"Ẹ̀rọ wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ títí, kò rí i mọ́! Kò tán lára o, ó kàn kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè rí ni; ṣáà má fi oògùn sílẹ̀!"

Mo fò sókè, mo kọ lu tábìlì, tíì dà sílẹ̀ pátápátá. Mò ń pariwo, mò ń jó. Àǹtí dúró gbagidi.

"Kòkòrò wo?"

"HIV, Àǹtí. Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Tí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n jó tòní tán."

Ó wò mí, ó wo fóònù. "Ta ló fẹ́ lé ẹ, olórí kunkun? O ti lo tàárọ̀ yìí?"

"Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, mi ò tíì lò ó. Oògùn aago méje ni Àmín yẹn."

"Yéè! Aago méje ti kọjá ogún ìṣẹ́jú! Níbo ló wà?"

Ó ti sáré bu omi wá. Mo gbé oògùn mì lójú ẹ̀. Ó ní kí n la ẹnu, ó yẹ abẹ́ ahọ́n mi wò bí ọlọ́pàá. Ìgbà tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ ló bọ́ sálúbàtà, tó dì mí mú, tá a sì jọ ń jó nínú tíì tó dà sílẹ̀ yẹn.