Ẹni Tó Ń Wá Bí Wọ́n Ṣe Ń Fọ Ògiri

Bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni èmi, Zornitsa, ń ṣe ìwádìí lé lórí kí n lè gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ìlú Veliko Tarnovo. Mo kó ogójì èèyàn jọ sí ilé ìkàwé wa, mo ní kí kálukú fi ìdajì wákàtí wá ohun tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kí kọ̀ǹpútà máa ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ni mo fún wọn, mi ò kọ orúkọ. Mo sì ṣèlérí pé èmi nìkan ni màá rí i.

Lọ́jọ́ tí mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́, mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo gbé àkọsílẹ̀ ẹni kẹtàdínlógún síta.

"Ẹ wo ẹni yìí," mo ní. "Ìgbà mẹ́rìnlá ló wá bí wọ́n ṣe ń fọ ògiri. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kọ̀ǹpútà ń kó fún un, kò gbà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Irú ògiri wo nìyẹn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Karadzhov, ọ̀gá mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àfi tó bá jẹ́ odi àtijọ́ Tsarevets ìlú wa yìí ló fẹ́ dá fọ̀."

Màmá Stoyna, tó ń ṣe ìmọ́tótó ilé ìkàwé, ló ń pín kọfí fún wa. Ó rọra gbé tíréè kalẹ̀.

"Kì í ṣe ògiri," ló wí. "Orúkọ àìsàn ọkọ mi ni. Bí dókítà ṣe pè é ni mo ṣe kọ ọ́."

Mo tún wo ohun tó tẹ̀: miya stena. Lédè wa níbí, "mò ń fọ ògiri" ni. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá sáré pè é pọ̀, ó jọ miyasteniya, àrùn tó ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan, títí kan ti ojú àti ọ̀fun. Odidi oṣù kan ni àkọsílẹ̀ yẹn fi wà lọ́wọ́ mi. Mo ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, mi ò bi ara mi léèrè ohun tó ń wá. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá a níbi tó ti ń fi kóòtù rẹ̀ kọ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"O ní ìwọ nìkan lo máa rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo sì gbà ọ́ gbọ́. Dimo ọkọ mi fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé mò ń wá ọ̀rọ̀ àìsàn náà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, ó ní oorun lásán ni. Ní báyìí, gbogbo olùkọ́ ló ń kí mi bí ẹni ń kí opó."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ wá a. Ó pẹ́ kó tó jókòó. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, a sì kà á fún wákàtí kan. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé ọkọ òun á tún lè gbé búrẹ́dì mì? Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí òun bi dókítà bóyá ó yẹ kó máa lo oògùn rẹ̀ kó tó jẹun.

Karadzhov ní àpẹẹrẹ tó dáa jù nínú iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo bi Màmá Stoyna bóyá mo lè fi í sínú ìwé ìwádìí mi.

"Pa á rẹ́," ló wí.

Mo pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀. Mo gboyè náà láìsí i. Mo gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti ń jẹun dáadáa, àmọ́ ẹlòmíì ló sọ fún mi.