Ẹnu Ìbọn Bàbá Orrin

"Ṣé ẹ ti ṣe tán?" Marlys béèrè. Bàbá Orrin mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Ẹ dúró de aago."

Aago tó wà lọ́wọ́ Marlys, alábòójútó ìdíje ìyìnbọn náà, dún, Bàbá Orrin sì fa ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ yọ. Ó yìn ín lu páálí méjì àkọ́kọ́, ọta sì wọlé sáàrin páálí kọ̀ọ̀kan. Ó yí sí apá òsì kí ó lè sáré lọ sẹ́yìn àgbá kejì, àfi bí orúnkún rẹ̀ ṣe yẹ̀. Ara lọ síwájú, ọwọ́ kù sẹ́yìn, ẹnu ìbọn náà sì yí kọjá ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ó dojú kọ Tova, obìnrin tó ń gba máàkì sílẹ̀, ó dojú kọ àyà rẹ̀ gan-an, kó tó padà síwájú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí Marlys sọ: Dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá yí ẹnu ìbọn sẹ́yìn, ìdíje tirẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Marlys ti sọ ọ́ fún àìmọye ènìyàn, ó ti sọ ọ́ fún Leland ọkọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé, tí wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnu rẹ̀ là, nǹkan kan ò jáde. Bàbá Orrin yìnbọn tán, ó kó ọta tó kù kúrò, ó fi inú ìbọn hàn án pé ó ti ṣófo, ó sì yíjú sáwọn èrò.

"Ẹ̀yin ọmọdé, ṣé ẹ rí i? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló yin ìyẹn o! Ẹni tí eegun bá ń dùn kó lọ sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tova ò pàtẹ́wọ́. Ó gbé ẹ̀rọ máàkì lé orí tábìlì, ó mú téèpù, ó bá Marlys lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ ihò ara páálí.

"Àǹtí Marlys, ẹ rí i."

"Kí ni mo rí?"

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tí ọta máa ń sọ ènìyàn dà. Mo rí ihò ẹnu ìbọn yẹn bí mo ṣe ń rí yín yìí."

"Tova, jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀."

"Mò ń rọra. Tí mo bá fẹ́ pariwo, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu mi ò kéré." Ó lẹ téèpù mọ́ ihò kan. "Ẹ̀yin lẹ di aago mú. Mo fi sílẹ̀ fún yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ìlú Tolvick. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nídìí ìdíje yìí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n, mẹkáníìkì ni wọ́n. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n á jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Sunday kan lóṣù, wọ́n á máa kan páálí mọ́ igi nínú òtútù. Owó tí àwọn tó ń yìnbọn bá dá, páálí, téèpù àti owó ìbánigbófò ló ń gbé e jẹ. Ká ní wọ́n ní láti san owó ilẹ̀ ni, ẹgbẹ́ náà ì bá ti kú tipẹ́. Inú kòtò yanrìn Bàbá Orrin ni wọ́n ti ń yìnbọn, ọ̀fẹ́ ló sì fi í fún wọn. Ṣùgbọ́n Curtis ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó ta ibẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ri páńẹ́lì tó ń fi oòrùn ṣe iná mọ́lẹ̀. Bàbá ti ní òun yóò sọ ìpinnu òun fún gbogbo ẹgbẹ́ lọ́sàn-án òní, nídìí oúnjẹ.

Ní ti Marlys, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà. Láti ìgbà tí Leland ti kú, ìdíje yìí nìkan ló kù tó ń mú un jáde nílé láìjẹ́ pé iṣẹ́ pè é. Ẹ̀rù ń bà á láti pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ló dí i lẹ́nu, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìpele kejì yẹn, Bàbá Orrin yin ti ìpele kẹta, ó yin ti ìkẹrin, ó yin ti ìkarùn-ún. Marlys di aago mú fún un nínú gbogbo rẹ̀. Apá òsì bàbá ló ń rìn, ó sún mọ́ ọn débi pé ó ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sílẹ̀ láti gbá ìgúnpá rẹ̀ mú bó bá tún yẹ̀. Kò yẹ̀.

Lẹ́yìn ìpele karùn-ún, ó lọ bá Verlyn akápò ẹgbẹ́ níbi tó ti ń yan sọ́séèjì. Ẹ̀yà ara katakata ni Verlyn ń tà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè dúnàá dúrà lé lórí. Marlys sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ta ló tún rí i?" Verlyn béèrè.

"Èmi àti Tova."

"Ẹni méjì péré! Marlys, àbúrò mi, gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ kòtò tán. Jẹ́ kó sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé pé tiwa ni. Tó bá dìgbà mìíràn, a ó fọgbọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, a ó ní kó jókòó, kó máa pín kọfí."

"Ìpele kan ṣì kù lọ́sàn-án yìí."

"Ìpele kan péré ni! Kí ló lè ṣẹlẹ̀?"

Marlys wo ojú rẹ̀. Ó ti fẹ́ gbà fún un, kí n má parọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà á jẹ́.

Nígbà tí búrẹ́dì àti sọ́séèjì dé ọwọ́ oníkálukú, Bàbá Orrin dìde, ó ṣí fìlà. "Ó dáa, ẹ panu mọ́, ẹ̀yin alájẹkì. Ọ̀rọ̀ kòtò yìí..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Marlys ti wà níwájú rẹ̀. "Ẹ má tíì sọ ọ́. Ìdíje yín ti parí lónìí. Ẹnu ìbọn yín yí sẹ́yìn, ó kọjú sí Tova."

Verlyn wo ilẹ̀.

"Ìpele wo?" bàbá béèrè.

"Ìkejì."

"Ìkejì." Ó ń wò ó. "Ìkarùn-ún la sì parí yìí. Marlys, o jẹ́ kí n ki ọta bọ ìbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, tí ọmọ ọlọ́mọ dúró sẹ́yìn mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìwọ tí o lé ọkọ ẹ kúrò nínú ìdíje! Kí ló dé?"

"Nítorí kòtò yìí ni."

Bàbá Orrin dé fìlà rẹ̀ padà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Curtis sọ fún mi láàárọ̀ pé kòtò lẹ fẹ́ràn, pé ẹ ò rí tèmi rò. Mo bú u. Ọmọ tí mo bí, mo bú u nídìí oúnjẹ àárọ̀ nítorí yín."

Ojú ti Marlys débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu. Ó na aago sí Tova. "Gbà á. Èmi náà ò tún bójú tó ẹnikẹ́ni mọ́ lónìí."

Bàbá Orrin ti ń lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Ní Tolvick, ẹni tí wọ́n bá lé kì í lọ sílé. Á gbé ìbọn pa mọ́, á padà wá lẹ ihò títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí, kí ó má baà dà bíi pé ó ń bínú. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Ó pẹ́ kí bàbá tó jáde. Nígbà tó jáde, kò sí ìbọn ní ìbàdí rẹ̀ mọ́. Ó mú téèpù, ó lọ síbi páálí tó jìnnà jù lọ. Marlys mú tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lẹ ihò lọ títí wọ́n fi pàdé nídìí páálí kan náà.

"Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni orúnkún yìí ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀," bàbá sọ, láì wò ó. "Mo mọ̀. Mo ń retí ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"O lè ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kòtò tán kí o tó lanu. Ohun tí Verlyn ì bá ṣe nìyẹn."

"Ohun tó ní kí n ṣe nìyẹn."

Bàbá Orrin fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó lẹ téèpù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Wá sílé mi tí ẹ bá kó ẹrù tán. Curtis máa wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara ẹ, látorí ìpele kejì."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Títí kan ìgbà tí o dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa sọ̀rọ̀ kòtò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ẹ̀rù ba Marlys. Kò sí ìlérí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ̀ pé Curtis á fi òun rẹ́rìn-ín.

"Màá wá," ó ní.

"Mú sọ́séèjì dání. Ọmọ yẹn kì í dáná."