Omi Gbígbóná fún Ẹsẹ̀ Bàbá

Nígbà tí dókítà fa ìbọ̀sẹ̀ Bàbá yọ, awọ gìgísẹ̀ rẹ̀ bá a wá. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ti dúdú bí èso tó jẹrà. Bàbá ń wo àjà ilé, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Dókítà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, béèrè ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ yìí. Yulan fi ìyangàn díẹ̀ dáhùn pé òun ọmọ rẹ̀ ni. Ní alaalẹ́, tí òun bá ti kúrò níbi tí òun ti ń rán kọ́tìnnì, òun á gun òkè lọ sílé Bàbá, òun á se atalẹ̀ mọ́ ewé ài gbígbẹ tí wọ́n fi ń lé otútù, òun á jókòó síwájú rẹ̀, òun á sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú omi gbígbóná.

"Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ se ẹsẹ̀ bàbá yín jinná," ni dókítà wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Yulan lára. Se kẹ̀? Òun tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣe àpẹẹrẹ ọmọ gidi? Ní ìlú Chongqing níbí, nílẹ̀ Ṣáínà, ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tó bá fẹ́ràn òbí rẹ̀ a máa fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ wọn? Gbòǹgbò ni igi fi ń kọ́kọ́ darúgbó, ẹsẹ̀ sì ni ti ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní ìlú Guangzhou lọ́nà jíjìn, tí kì í wálé àfi ọdún tuntun, ra bàsíà oníná ránṣẹ́, ó sì ń pè lórí fóònù pé kí Yulan má jẹ̀ẹ́ kí omi tutù. Ó fi bàsíà ránṣẹ́, kò fi ọwọ́ ránṣẹ́. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí.

Ṣebí òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe ẹsẹ̀ náà? Bàbá ò lè gun àtẹ̀gùn ọjà mọ́ kó má dúró lójú ọ̀nà. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á há, á jókòó, ìrora á lọ. Á tún rìn, ìrora á tún dé. Yulan ní otútù odò tó yí ìlú ká ló wọ̀ ọ́ léegun. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fi kún iná.

Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá Bàbá, ó tún wọ̀n ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀. Ti ẹsẹ̀ kò tó ìdajì ti apá. Ó wá là á yé wọn pé iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ti dí, sìgá tí Bàbá ti ń fà láti ìgbà èwe ló sì bà á jẹ́ jù. Kì í ṣe otútù rárá. Ebi ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ tí ebi ń pa báyìí kì í mọ iná lára dáadáa, ojú egbò rẹ̀ kì í sì í fẹ́ jinná. Wọ́n máa ki wáyà tín-ín-rín bọ inú iṣan náà láti là á. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá tún fa sìgá, ó lè tún dí, wọ́n á sì gé ẹsẹ̀. Irú dídí bẹ́ẹ̀ lè wà nínú iṣan ọkàn àti ti ọpọlọ pẹ̀lú.

Bàbá ní ẹ̀gbọ́n òun fa sìgá títí ó fi pé àádọ́rùn-ún ọdún.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ló wà níwájú mi," ni dókítà wí, ó sì jáde lọ wá bẹ́ẹ̀dì fún un.

Bí ilẹ̀kùn ṣe padé ni Yulan bú jáde.

"Alaalẹ́ ni mo ń bi yín. Mo ní, Bàbá, ṣé omi ò gbóná jù? Ẹ ní ó dára. Ẹ ní kí n bu sí i. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi jó yín."

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ purọ́ fún mi?"

Ọwọ́ Bàbá lọ sí àpò ẹ̀wù níbi tí páálí sìgá wà, ó tún mú un kúrò.

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti mọ omi lára."

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ nígbà yẹn."

"Bí mo bá sọ, ṣé wàá tún gbé bàsíà sílẹ̀? Wàá kàn sáré wọlé, wàá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wàá lọ. Ìgbà tó o bá ń wẹ ẹsẹ̀ mi nìkan lo máa ń jókòó."

Inú túbọ̀ bí Yulan. Ó fẹ́ béèrè irú ìfẹ́ wo nìyẹn, tí bàbá ẹni á máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ra ìjókòó ọmọ. Ó fẹ́ pe Guangzhou kó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa.  Ṣùgbọ́n ìbéèrè tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń padà sí i létí, èyí tó ti ń bi Bàbá láti ìgbà tí otútù ti dé: ṣé omi ò gbóná jù? Nípa omi ló ń béèrè. Kò béèrè nípa ẹsẹ̀ rí.

Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó. Inú ṣì ń bí i.

"Ó dáa," ó ní. "Ibo gan-an ló kọ́kọ́ dùn yín?"

Bàbá wò ó lójú láti mọ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ìrora náà bọ̀ láti ọdún tí ìyá Yulan kú.