Ààrò Àwọn Tí Wọ́n Kó Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o! Ẹ fara balẹ̀, ìtàn tí mo gbé wá dùn ju iyán alẹ́ lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1954, ìlú Ìkòyí ní Ìjùmú fẹ́ mọ ohun ìrántí kan fún àwọn tí ogun Tápà kó lẹ́rú. Lájídé bíríkìlà ti ń mọ ọ́n bí ibojì nígbà tí Yéjídé, màmá arúgbó kan, figbe ta:

"Lájídé, ṣé o fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi láàyè ni? Ìdí ààrò ni wọ́n ti fà á lọ. Ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Màmá, kí ni kí n wá mọ?"

"Ààrò ni! Ilé làbọ̀ sinmi oko. Bó bá dé, oúnjẹ ni yóò bèèrè, kì í ṣe ibojì."

Ariwo ayọ̀ sọ! Tèwe-tàgbà gun òkè tí ìlú wà nígbà ogun, wọ́n fi orin gbé òkúta ààrò mẹ́ta tí ìyá tó bí Yéjídé fi ń dáná sọ̀kalẹ̀. Lájídé rì wọ́n mọ́lẹ̀ láàárín ìlú, wọ́n dáná, ọbẹ̀ hó. Yéjídé kọ́kọ́ bu ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín: "Ó kù kó dé!"

Martha, ọmọ ọmọ Yéjídé, tó jẹ nínú ọbẹ̀ náà, ló sọ ọ́ fún mi.