Délé Gbé Yàrá Lọ

Bọ́sẹ̀, inú ṣì ń bí mi sí àlá tí mo lá mọ́jú. O mọ̀ pé ó di ọjọ́ mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà mi ti kọ̀ láti tú ètò tí mo kọ fún ẹ̀rọ kékeré tó ń ka èémí àwọn ìkókó sí èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Ó ní òun ò rí fáìlì kan tí ètò náà nílò. Ọ̀la sì ni ilé ìwòsàn ń retí ẹ̀rọ náà.

Lójú àlá, ọ́fíìsì wa ti di ilé bàbá mi. Fáìlì náà wà lórí tábìlì, ó ń mí bí ọmọ jòjòló. Mo fi í han akọ̀wé kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Kò sí níbí, mà."

"Ṣé o ò rí i níwájú rẹ ni?"

"Mo rí i. Àmọ́ yàrá tí ẹ kọ sínú ìwé yín ni mò ń wá, kò sì sí."

Mo yíjú, mo rí Délé tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó gbé odindi yàrá kan lérí, tòun ti fèrèsé, ó ń lọ so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Mo bọ́ bàtà, mo sọ ọ́ lù ú.

Igbe ara mi ló jí mi. N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àmọ́ mo pe Délé láàárọ̀ yìí, mo bi í bóyá ó ti gbé fódà wa, àpò tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀, lọ so mọ́ ibòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí mo kọ sínú ètò mi.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí, láti ọjọ́ Ajé. Ṣé mi ò tíì sọ fún yín ni?"