Ògbufọ̀ Idigny

"Ẹ sọ fún un pé kòkòrò ti sọ àgbàdo mi di ìyẹ̀fun nínú abà," ni Moutiatou wí. Ó dúró níwájú gbogbo ará Idigny, ó sì ń wo ẹnu mi.

Aṣojú ìjọba tó ti Kútọnu wá jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Kò gbọ́ Yorùbá. Èmi Judicaël, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ sí èdè Faransé. Kó tó dé ni olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa ti fà mí sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní àlejò náà ò wá gbọ́ ẹ̀dùn ẹnikẹ́ni, pé kí n má sì gbàgbé pé mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi lọ sí Kétu, níbi tí Clémence ìyàwó mi ń gbé.

Moutiatou kò pariwo. Ó ṣàlàyé pé látìgbà tí ìjọba ti fòfin de títa àgbàdo kọjá bodè, kí oúnjẹ lè dínwó fáwọn ará ìlú ńlá, àwọn oníbàárà Nàìjíríà kò wá mọ́. Ìjọba tó ní òun fúnra òun yóò rà á kò rán ẹnikẹ́ni. Opó ni, abà kan ṣoṣo yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta.

"Ẹ bi í léèrè," ló wí, "nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yìí, ta ni wọ́n rò pé yóò bọ́ àwa?"

Mo sọ ní Faransé pé ìkórè pọ̀ débi pé abà kò gbà á mọ́, pé ìyá náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba.

Aṣojú náà rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Àwọn díẹ̀ tó gbọ́ Faransé láàárín wa wolẹ̀. Moutiatou rí ẹ̀rín yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kejì lẹ́yìn ìpàdé náà, wọ́n gbé mi lọ sí Kétu. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ fáwọn àdúgbò tí ebi ń pa, wọ́n pín in ní Odomèta, ìlú kan ní agbègbè wa. Wọn kò dé Idigny rárá. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ti fẹnu ara wọn sọ pé àwọn yó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Moutiatou sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó pọn àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Irun ọmọ náà ti pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Clémence gbà á, ó sáré lọ gbé ẹ̀kọ.

"Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà," ni ìyá náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé sí ọ̀gá yẹn. Ó dà bíi pé ó ti gbàgbé."

Mo kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó wá ní kí èmi náà fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé ògbufọ̀ ọjọ́ náà ni ẹlẹ́rìí òun.

Mo sọ fún un pé ìyẹn ò pọndandan.

Ó gbà mí gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.